Kí Ilé Kan Lè Dá Dúró: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Omi àti Iná Lójú Ọ̀nà Akànrán

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé jẹ́ iṣẹ́ omi, iṣẹ́ iná àti oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan, ní agboolé wa tó wà ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Akànrán. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa ń gbé níbẹ̀, ìyá wa ń gbé níbẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin náà sì kọ́ ilé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024 nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, a sì parí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kí ọdún náà tó lọ sópin. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń gbèrò irú rẹ̀, nítorí náà n óò máa sọ ìdí tí a fi yan ohun tí a yàn, n kò sì ní yọ ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ọ̀rọ̀ owó kúrò nínú rẹ̀, torí pé àwọn ló lé wa dé ìdí iṣẹ́ náà.

Ohun tó lé wa débẹ̀

Mo ti ń dìbò láti ìgbà tí ọjọ́ orí mi ti gbà mí láyè. Mo wà lórí ìlà ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, mo sì rí bí ìjọba ológun ṣe fagi lé ìbò náà kí oṣù yẹn tó parí. Láti 1999 títí di 2023, kò sí ìdìbò ààrẹ kan tí mo jókòó sílé. Gbogbo àwọn tó wá tọrọ ìbò wa ní àwọn ọdún wọ̀nyí ló ṣèlérí iná mọ̀nàmọ́ná. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 di PHCN ní 2005, wọ́n sì pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ní oṣù kọkànlá ọdún 2013. Orúkọ ń yí padà, òkùnkùn dúró sójú kan. Ní àdúgbò wa, àwọn onílé ló dáwó ra tiransífọ́mà, àwọn náà ló ra òpó àti wáyà, síbẹ̀ ohun tí a fi owó wa rà di ti ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní kété tí wọ́n fa iná sí i, bí ó bá sì jóná, àwa náà ni wọ́n ń retí pé kí a tún owó mìíràn dá.

Jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo wa fi ń dí àlàfo yẹn títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ tuntun kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá 600 ní oṣù keje, nígbà tí ó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń sún mọ́ 1,000, ibòmíràn sì wà tí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó 480 náírà ní báńkì tẹ́lẹ̀ ti wà ní nǹkan bí 1,500 nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi ń parí, èyí tí í ṣe oṣù tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí epo ní ìparí ọdún náà kò lè rí ju nǹkan bí àádọ́rin lítà rà, láìtíì jẹun, láìtíì sanwó ilé.

Ilẹ̀ tí a wà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìjákulẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà rògbòdìyàn Àgbẹ̀kọ̀yà, Akànrán wà lára ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù, Tafa Adéoyè sì wà lára àwọn aṣáájú tí orúkọ wọn kò parẹ́ títí di òní. Owó kòkó ti lọ sílẹ̀, owó orí ń ga sí i, àwọn àgbẹ̀ kò sì rí ọ̀nà tàbí omi tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ìyá wa jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, wọ́n sì máa ń sọ pé ohun tí àwọn bàbá wọn bínú sí nígbà yẹn kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ wọn ń ráhùn lé lórí báyìí. Ohun tí mo rí fà yọ nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé n kò gbọdọ̀ fi omi mímu ìdílé mi dúró de ìjọba kankan mọ́.

Kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, èmi àti àbúrò mi jókòó, a sì fi ẹnu kò sórí ìbéèrè kan tí a ó máa bi ara wa nípa gbogbo ohun tí a bá fẹ́ rà: bí èyí bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, níbo ni onítọ̀hún wà, kí ni yóò sì lò? Mo ti rí àwọn ilé tó kún fún ẹ̀rọ olówó ńlá tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé ẹ̀yà kékeré kan kù tí wọn kò rí ní gbogbo ìlú. Ẹni tó ra ohun tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe nítòsí rẹ̀ kò tíì kúrò lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ló kàn pààrọ̀.

Kànga: oṣù kejì sí oṣù kẹta

Ìdídò Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe ní 1942 àti ti Aṣéjìrè tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń pọn omi fún Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìlú ti fẹ̀ kọjá ibi tí páìpù wọn dé, páìpù náà kò sì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Àwọn aládùúgbò kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gbẹ́ borehole. A rò ó dáadáa, a sì yan kànga. Abẹ́ ilẹ̀ Ìbàdàn jẹ́ àpáta ayébáyé. Omi tí ènìyàn lè rí wà nínú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà àti nínú ibi tí àpáta ti sán. Ọkọ̀ ńlá tó ń mu dísù ló ń gbẹ́ borehole, ojú ihò rẹ̀ kéré, bí pọ́ǹpù bá sì há sínú rẹ̀, ẹni tó ní irinṣẹ́ àkànṣe nìkan ló lè yọ ọ́. Kànga ní tirẹ̀, ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ lọ, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kànga àtijọ́ kan sì ti wà nínú agboolé, tí ó máa ń gbẹ bí ó bá ti di oṣù kejì. Òun ni a pinnu láti gbẹ́ jìn sí i.

Àsìkò tí ènìyàn bá gbẹ́ kànga ṣe pàtàkì ju bí ó ti jìn tó lọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní oṣù kẹsàn-án yóò bá omi pàdé kíákíá, inú rẹ̀ yóò sì dùn, ṣùgbọ́n omi òjò tó wà nílẹ̀ ló rí. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Kànga tó bá ní omi ní oṣù kẹta yóò ní omi yípo ọdún. Bàbá tó ṣe iṣẹ́ náà fún wa ti ń gbẹ́ kànga ní agbègbè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn náà kò sì gbà láti bẹ̀rẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi gbẹ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí omi ti ń ṣẹ́, a ní láti máa fa omi jáde kí wọ́n lè ráyè gbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí fi ọkàn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹ má ṣe sọ ẹ̀rọ tó ń lo epo kalẹ̀ sínú kànga, ẹ má sì gbé e sí etí rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ lè gbé èéfín rẹ̀ wọlé. Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, inú kànga ló sì máa ń gbá jọ sí. Ó ti pa àwọn tó ń gbẹ́ kànga, ó sì ti pa àwọn tó sáré wọlé láti yọ wọ́n. Pọ́ǹpù tó ń lo iná ni a fi fa omi, jẹnẹrétọ̀ tó ń fún un níná sì wà ní ọ̀nà jíjìn, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ.

Rìngì kọnkéré ni a fi gbá inú rẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ lára, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn wọn kí omi lè máa sẹ́ wọlé láìkó yanrìn. Rìngì òkè kò ní ihò kankan, amọ̀ líle ni a sì ki sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìdọ̀tí orí ilẹ̀ ni ọ̀tá omi kànga. Bíríkìlà gbé ẹnu rẹ̀ ga sókè, wọ́n sì ṣe pèpéle kọnkéré yí i ká tí ó dẹ̀ sí òde. Láti sókáwéè dé ìdí kànga ju ọgbọ̀n mítà lọ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ni, ibòmíràn ni à bá wá fún un.

Tánkì àti pọ́ǹpù: oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún

Ibí ni ìrònú wa ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ sólà fẹ́ kí a ra bátìrì ńlá tí yóò máa gbé pọ́ǹpù omi. A bi ara wa pé kí ni a fẹ́ fi iná pamọ́ fún, nígbà tí ó jẹ́ pé omi gan-an ni a fẹ́ fi pamọ́? Láti gbé 2,000 lítà omi sókè ní ogún mítà, agbára tó tọ́ sí i jẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́wàá yúníìtì iná kan. Bí a bá ka ohun tí pọ́ǹpù àti páìpù ń fi ṣòfò mọ́ ọn, ó lè tó ìdámẹ́ta yúníìtì. Pánẹ́ẹ̀lì sólà méjì lè ṣe é láàárín wákàtí díẹ̀ tí oòrùn bá yọ. Nítorí náà, a ra pọ́ǹpù tó ń gba iná tààrà láti ara pánẹ́ẹ̀lì, láìsí bátìrì kankan láàárín. Bí oòrùn bá yọ, ó ń fa omi. Bí tánkì bá kún, igbá kékeré kan tó ń léfòó lójú omi ń dá a dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, omi ti wà lókè. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ kò ju pọ́ǹpù náà fúnra rẹ̀, àpótí tó ń darí rẹ̀ àti igbá tó ń léfòó yẹn lọ.

Tánkì 2,000 lítà tó bá kún wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì. Wẹ́dà kan fẹ́ fi irin ṣe ìdúró rẹ̀ fún wa, ó sì ṣe àlàyé tó dára, ṣùgbọ́n irin ń fẹ́ ọ̀dà ní gbogbo ìgbà, ìpẹtà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n jó pọ̀, níbi tí ojú kò tó. Òpó kọnkéré mẹ́rin tí a de irin sínú wọn, tí ìpìlẹ̀ wọn jìn, ni a yàn, a sì da pèpéle lé wọn lórí. Páìpù ínǹṣì kan ni a fi fa omi sọ̀kalẹ̀ dípò ìdajì ínǹṣì tí wọ́n sábà máa ń lò, nítorí pé láti ibi gíga tí kò tó mítà márùn-ún, agbára tó ń ti omi kò tó ìdajì ohun tí ènìyàn máa ń rí lára omi ẹ̀rọ. Páìpù tín-ín-rín yóò tún gba èyí tó kù.

Ìyá wa ló ní kí a fi ojú ihò kékeré sílẹ̀ lórí ìdérí kànga, pẹ̀lú ìdérí tirẹ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, kí okùn àti garawa lè ráyè wọlé lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá ṣe pọ́ǹpù. Wọ́n ní omi tí okùn kò lè dé kì í ṣe omi ẹni. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà, n kò rí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó ihò yẹn, tí ó sì dáhùn ìbéèrè wa dáadáa bí i tirẹ̀.

Iná: oṣù keje sí oṣù kẹwàá

Owó àjọ ni a fi ṣe apá yìí. Àbúrò mi gba tirẹ̀, èmi náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kó o ṣáájú àkókò mi, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi sì gbà bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà tí a kọ́kọ́ béèrè iye ní ọjà Alaba l'Ékòó àti ìgbà tí owó pé, iye ọjà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a ń gbà sá fún ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ yìí, inú ọrọ̀ ajé náà ni ó gbà kọjá. Oòrùn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n irin àti gíláàsì tí a fi ń mú un ń gbà á, àwọn tó ba náírà jẹ́ sì ti fi ọwọ́ kan iye rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ wa.

A ṣírò ohun tí ilé méjèèjì ń lò: fírísà kan tí ìyàwó mi fi ń tajà, fáànù mẹ́rin, gílóòbù, tẹlifíṣàn àti fóònù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí yúníìtì mẹ́rin lóòjọ́. Áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù àti ohunkóhun tó ń fi iná se nǹkan kò sí nínú rẹ̀, a sì ti fi ẹnu kò sí i. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 450 wáàtì lè mú nǹkan bí yúníìtì mẹ́fà wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá dára, èyí sì fi àyè sílẹ̀ fún oṣù keje àti ìkẹjọ tí ìkùukùu máa ń pọ̀. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà gúúsù ni a dojú wọn kọ, a sì tẹ̀ wọ́n díẹ̀, ní ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ ojú wọn. Ní àsìkò ọyẹ́, òjò kò sí, eruku sì máa ń bò wọ́n. Àwọn ọmọ ń fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú wọn gbóná. Òrùlé àbúrò mi ni wọ́n wà, nítorí pé igi máńgòrò ṣíji bo tiwa, ìyá wa kò sì gbà kí a gé e. Mo fara mọ́ wọn. Igi náà ń fún wa ní èso àti ibòòji láìbéèrè dọ́là.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ni a jiyàn lé lórí jù. Lítíọ́mù fúyẹ́, ènìyàn lè lo èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà nínú rẹ̀ láìbà á jẹ́, ó sì máa ń pẹ́ ju ti ásíìdì lọ dáadáa. Bátìrì ásíìdì onípáìpù, tí wọ́n ń pè ní tubular, wúwo, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn máa lò, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n máa bu omi tí a ti sè gba ooru rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń fi bí yóò ṣe pẹ́ tó nìkan ṣe ìṣirò yóò ra lítíọ́mù, n kò sì ní bá a jiyàn. Àwa fi ìbéèrè wa ṣe ìwọ̀n. Bí pátákó iná kékeré tó ń ṣọ́ lítíọ́mù bá jóná, n kò mọ ẹnikẹ́ni ní gbogbo ọ̀nà Akànrán tó lè tún un ṣe. Ní ti ásíìdì, oníbátìrì wà ní ìkóríta tó mọ̀ ọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, omi rẹ̀ wà lọ́jà, bí ó bá sì kú pátápátá, òjé inú rẹ̀ ṣì lówó lórí. Mẹ́rin ni a rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 220Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, ní 12 fóòtì (volt), a so wọ́n pọ̀ di 48 fóòtì. Ìdajì wọn jẹ́ yúníìtì márùn-ún ó lé díẹ̀, ó sì ju ohun tí a ń lò lóru lọ. Yàrá tí wọ́n wà ní fèrèsé lókè àti nísàlẹ̀, nítorí pé bátìrì ásíìdì máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde nígbà tí iná bá ń wọlé sí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣáná níbẹ̀.

Ìdí tí a fi yan 48 fóòtì dípò 12 ni pé bí a bá fa 3,000 wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà ní 12 fóòtì, iná tí yóò gba inú wáyà kọjá jẹ́ 250 ampere, wáyà tó lè gbé e nípọn, ó sì wọ́n. Ní 48, ó jẹ́ nǹkan bí 63. Ẹ má ṣe fi breaker, ìyẹn ohun tó ń gé iná, tí wọ́n ṣe fún iná NEPA sí ọ̀nà pánẹ́ẹ̀lì. Iná NEPA ń lọ síwájú, ó sì ń padà sẹ́yìn ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó rọrùn láti gé. Iná pánẹ́ẹ̀lì ń lọ tààrà, ó sì lè máa jó láàárín irin méjì tí wọ́n ti yà kúrò lára ara wọn. Ilé ti jóná nítorí èyí. Oníná wa kọ́kọ́ ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ kí ó tó so ohunkóhun, torí àrá.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí àgbékalẹ̀ iná gbogbo orílẹ̀-èdè tún dà wó, iná ilé wa ń tàn, fírísà sì ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ wà nínú ìdùnnú náà, nítorí pé ilé ìwòsàn tí ìyá wa ń lọ wà nínú òkùnkùn ní ọjọ́ kan náà, kò sì sí àjọ kan tí ìdílé kan lè dá tí yóò gbé iná dé ibẹ̀.

Ẹ̀gẹ́, àti àwọn aládùúgbò

Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé kò tóbi. TME 419, irú ẹ̀gẹ́ kan tí àwọn àgbẹ̀ ń gbádùn, ni a gbìn nígbà tí òjò dúró dáadáa, ẹ̀fọ́ àti ata sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kànga níbi tí omi tó ń dà nù ń ṣàn gbà. Gààrí tí yóò ti inú rẹ̀ jáde kò ní bọ́ wa yípo ọdún. Ó kàn máa dín iye tí a ń gbé lọ sọ́jà kù ni.

Láti ìgbà tí omi ti wà lókè ni àwọn aládùúgbò ti ń wá pọn. A fa ẹ̀rọ omi kan sí ìta ògiri fún wọn. Ẹnìkan dámọ̀ràn pé kí a máa gbowó garawa, ṣùgbọ́n a kọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ilé kọ̀ọ̀kan tó ń pọn omi máa dá iye kékeré lóṣooṣù sínú àpò tí ìyá wa àti obìnrin méjì láti òde ń ṣọ́, kí owó pọ́ǹpù tuntun ti wà nílẹ̀ kí ti àtijọ́ tó kú. Gbogbo ìnáwó ni wọ́n ń kọ sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí owó gbogbo ènìyàn tí wọ́n ṣọ́ báyìí.

Ohun tó kù

A kò tíì fi gọ́tà gbá òjò orí òrùlé jọ sínú tánkì kejì. Páànù wa ti gbó, ó sì ní láti kọ́kọ́ di tuntun. A fẹ́ ra àpótí ìdarí pọ́ǹpù kan pamọ́, nítorí pé òun nìkan ni ẹ̀yà tí kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe ládùúgbò. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin àti ọmọbìnrin mi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ásíìdì bátìrì lọ́wọ́ oníbátìrì ìkóríta. A bá wọn lọ tọrọ, wọ́n sì gbà láti máa kọ́ wọn ní ọjọ́ Sátidé. Ní oṣù kẹta tó ń bọ̀, a ó so òkúta mọ́ okùn, a ó gba ojú ihò ìyá wa sọ ọ́ kalẹ̀ láti wọn omi tó kù nínú kànga ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, a ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé náà kí àwọn tó ń dáwó lè mọ̀ bóyá omi yóò tó fún ilé mìíràn tó fẹ́ dara pọ̀.